Ògiri Aláwọ̀ Ọ̀sà

"Èmi kò ní wọ ibẹ̀ o!" ni Gabriel ké. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi di òpó ẹnu ọ̀nà mú, bí ẹni tí àgbàrá fẹ́ gbé lọ. "Bàbá àgbà wà nínú rẹ̀."

Hannah, àbúrò rẹ̀, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, náà kò fẹ́ wọlé. Ó sá wọ abẹ́ ìró Abigail, ẹ̀gbọ́n wọn, ó sì fi ojú pamọ́ síbẹ̀.

"Bàbá àgbà ti wà ní ọ̀run," ni Abigail wí. "Ẹni tí ó wà ní ọ̀run kò lè wà nínú yàrá."

"Ibí ni wọ́n sin ín sí, wọn kò sin ín sí ọ̀run. Bí mo bá sùn tán, yóò na ọwọ́ sókè, yóò sì fà mí lẹ́sẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Abigail, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde, nítorí pé òun pàápàá kì í fẹ́ dá wọ yàrá náà.

Ní ayé àtijọ́, kí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó máa gbé òkú wọn lọ sí itẹ́ ìjọ, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbàlagbà tí ó bá fi ọmọ sáyé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún baba Hezekiah Olúsànyà: abẹ́ ilẹ̀ yàrá kẹta ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Láti ìgbà náà, àpò kòkó àti agbọ̀n obì nìkan ni ó ń gbé inú yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí Rachel, aya Hezekiah, ti bí ọmọ tuntun, kò sì sí àyè mọ́ lórí ẹní rẹ̀ fún àwọn ọmọ méjì tí ó ṣáájú. Hezekiah kó àpò kòkó jáde, ó ní kí Gabriel àti Hannah kó wọlé. Ọjọ́ kẹta nìyí tí wọ́n ti ń fi ẹkún dá a lóhùn.

Ọ̀ràn náà ṣe kòńgẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n fún Abigail ní ilé-ìwé. Ọdún karùn-ún tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni ọdún tí à ń wí yìí, Abigail sì wà ní kíláàsì kẹta, tí ó jẹ́ àṣekágbá, ní ilé-ìwé Mọ́dà, èyí tí ó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mísì Ọláyínká, tí ó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, ti pàṣẹ pé kí ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ṣe yàrá kan lọ́ṣọ̀ọ́ ní ilé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké.

"Kí ó mọ́, kí ó lẹ́wà, kí ara ọmọ sì yá láti sùn nínú rẹ̀," ni Mísì wí. "Ọjọ́ Ẹtì ni n óò máa wò ó láti ilé dé ilé. Orúkọ kan ṣoṣo ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ bèèrè lọ́wọ́ wa ní ọdún yìí. Orúkọ ẹni tí ó bá gba ipò kìíní ni n óò fi ránṣẹ́."

Kò sí ohun tí Abigail ń fẹ́ láyé bí kí ó di olùkọ́. A máa to igi ìdáná mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé bí ọmọ ilé-ìwé, a sì máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Bí ó ti ń ti ilé-ìwé bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó bi Nimotalahi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, nípa ohun tí ó fẹ́ fi kun ògiri tirẹ̀. Ọmọ aláró ni Nimotalahi, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Bọ̀dá mi Ṣàkírù ti gbé ọ̀dà wá láti Ìjẹ̀bú-Òde," ni ó dáhùn. "Àwọ̀ ewé! Ó ń dán gbinrin! Ìwọ ń kọ́?"

"Ẹfun ni èmi yóò fi kun tèmi."

Nimotalahi dúró sí ojú ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹfun? Lórí ibojì? Háà, Abigail! Mísì yóò rò pé ojúbọ ni òun wọ̀. Yóò ti kúnlẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ilé ènìyàn ni!"

"Gbé ẹnu rẹ jẹ́ẹ́, ìwọ aláròyé yìí."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Abigail kò dé ikùn. Bí ó ti dé ilé, ó wo ògiri yàrá kẹta náà, tí èéfín àti eruku kòkó ti sọ di dúdú, ó sì mọ̀ pé ẹfun kò lè gba òun là.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Hezekiah gbé àdá kọ́ èjìká, ó lọ sí abà rẹ̀. Kí ó tó lọ, ó tún ìkìlọ̀ tí ó ti ń ṣe láti ìgbà òjò sọ. Lórí àjà, lókè ibi tí wọ́n ń dáná, ni ó gbé agolo ńlá kan sí. Oògùn kòkó ni ó wà nínú rẹ̀, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pín fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n lè máa fín in sí àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú. Bí Hezekiah bá fín oògùn náà tán, kì í gbé ọmọ, kì í fi ọwọ́ kan abọ́, títí yóò fi wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ohun tí ó ń pa àrùn igi," ni ó máa ń wí, "ẹ má ṣe jẹ́ kí a dán an wò lára ènìyàn. Ọwọ́ ọmọdé kan kò gbọdọ̀ kan agolo yìí."

Ṣùgbọ́n Abigail ti rí oògùn náà rí, nígbà tí baba rẹ̀ ń bù ú. Ó dàbí iyọ̀ olókùúta, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀! Ó dàbí omi ọ̀sà ní Òde-Omi, ìlú ìyá rẹ̀, nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá ta sí i lára. Ọdún Àjíǹde tí ó kọjá ni wọ́n kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Láti ìgbà náà ni Gabriel kò ti yé sọ̀rọ̀ omi.

"Abọ́ kan péré ni," ni Abigail wí nínú ara rẹ̀ bí ó ti ń gun àkàsọ̀. "Ara ògiri ni yóò wà, kò ní wọ inú ìkòkò ẹnikẹ́ni."

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Abọ́ kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Abigail fi omi yọ́ ọ, ó po ẹfun mọ́ ọn kí ó lè ki, ó sì da ògì gbígbóná sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò ní búrọ́ọ̀ṣì. Orín tí wọ́n ti rún lẹ́nu ni ó fi ń yàwòrán, ó sì fi ìgbálẹ̀ kékeré kun ibi tí ó fẹ̀. Nígbà tí oòrùn yóò fi yẹ àtàrí, ọ̀sà ti tẹ́ yí yàrá náà ká láti ilẹ̀ títí dé ibi tí orí Gabriel mọ. Ó fi èédú ya ẹja, ó fi ẹfun ya lékeléke. Ní àárín ògiri tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ya ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan. Ọmọ méjì jókòó sínú rẹ̀, bàbá arúgbó kan sì di àjẹ̀ mú.

Gabriel yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà. "Ta ni èyí?"

"Ìwọ nìyẹn, Hannah nìyí."

"Ta ni ó ń wa ọkọ̀?"

Abigail ronú díẹ̀. "Bàbá àgbà ni. Kò sí lábẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ó ti jáde, ó ń tu yín lọ sí Òde-Omi."

Gabriel gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé èkejì. Hannah tẹ̀ lé e. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì sùn nínú yàrá náà láìsí ẹkún.

Nígbà tí Hezekiah padà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó dúró wo ògiri náà títí. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí? Níbo ni o ti rí àwọ̀ bí èyí?"

"Ìyá Nimotalahi ni ó fún mi ní aró, Bàbá."

Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Hezekiah yí sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Gabriel, má jẹ ògiri yìí o, kí Mísì tó dé!"

Gbogbo ilé ni ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n mọ ìwà Gabriel. Bí òjò bá ti rọ̀ tí òórùn ilẹ̀ ń ta sánsán, a máa fi èékánná họ erùpẹ̀ ara ògiri, a sì máa jẹ ẹ́. Rachel a máa ní ọmọ náà yóò jẹ ilé tán kí baba rẹ̀ tó kọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n àyà Abigail já. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rántí ọjọ́ Ẹtì, ó sì pa ẹnu mọ́. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó di etí Gabriel mú. "Má fi ẹnu kan ògiri yìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí."

Ó rò pé ìyẹn tó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Rachel gbé ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀, Gabriel sì kọ̀ ọ́. Ọmọ tí ó máa ń lá ìdí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ mọ́! Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí bì. Omi tí ó bì mú àwọ̀ ewé lọ́wọ́. "Máńgòrò tí kò pọ́n ni ó jẹ," ni Rachel wí, ó sì bu omi gbígbóná fún un. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́rú, Gabriel kò lè dìde mọ́. Ó ká jọ bí ewé gbígbẹ, ó di inú mú, ó ń kérora.

Rachel ránṣẹ́ pe Alàgbà Adéníran, tí ó jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ Aládùúrà wọn. Káfíńtà ni Alàgbà, ènìyàn jẹ́jẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ náà, ó gbàdúrà. Bí ó ti la ojú ni Rachel nawọ́ sí ògiri.

"Alàgbà, ẹ wo èyí. Bàbá ọkọ mi nìyẹn. Abigail yà á, ó kó àwọn àbúrò rẹ̀ sínú ọkọ̀ fún un. Orí ibojì rẹ̀ gan-an ni! Níbo ni ó ń tù wọ́n lọ?" Ó fa Gabriel mọ́ra. "Níbo ni òkú ń tu ọmọ lọ?"

Abigail wo àwòrán náà, ó sì dàbí ẹni pé àjẹ̀ ń mì lọ́wọ́ arúgbó náà.

"A kì í fi ẹ̀rù bá Ọlọ́run jà," ni Alàgbà wí nígbẹ̀yìn. "Ọjọ́ mẹ́ta ni a óò fi dúró níwájú Rẹ̀. Kí àwọn ọmọ méjèèjì má ṣe kúrò nínú yàrá yìí. Ẹ ti fèrèsé. Omi àdúrà nìkan ni kí wọ́n máa mu. N óò máa wá ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n ti fèrèsé. Wọ́n gbé ẹní àwọn ọmọ sún mọ́ ògiri, kí àwọn tí ń gbàdúrà lè rí àyè kúnlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀, Abigail gbé omi wọlé fún wọn. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan gba abẹ́ páànù wọlé, ó sì bọ́ sórí ògiri lókè ẹní Gabriel. Ibẹ̀ ni ó ti rí i. Ọ̀sà ti lu. Ojú àmì èékánná wà níbẹ̀, ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Láàárín wọn ni ibi tí ó tọ́, tí ó sì ń dán, tí ó gùn gbọọrọ bí ipa ìgbín. Orí ọkọ̀ ti tán pátápátá. Abigail bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nísàlẹ̀ àwọn àmì wọ̀nyẹn ni òmíràn wà, tí ó kéré, tí kò ga ju ibi tí ẹnu ọmọ ọdún mẹ́ta lè dé lọ.

"Hannah," ni ó wí. "Hannah, la ẹnu."

Hannah la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ ti di àwọ̀ ọ̀sà.

"Mo ní kí ẹ má fi ẹnu kàn án! Ṣé ó dùn ni?"

Hannah mi orí. "Ó korò. Ṣùgbọ́n Gabriel ní omi Bàbá àgbà ni. Bí a bá ń mu ún díẹ̀díẹ̀, kò ní fà wá lẹ́sẹ̀ mọ́."

Abigail gbé omi sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yàrá náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ ń sáré kiri nínú orí rẹ̀ bí eku tí ọwọ́ iná kàn: ohun tí ó ń pa àrùn igi, ohun tí ó ń pa àrùn igi. Kò sí òkú kankan tí ó ń tu ọmọ lọ. Òun, Abigail, ni ó di àjẹ̀ mú.

Ó sáré bu omi sínú garawa, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí nu ògiri. Ó rò pé bí òun bá lè nù ún kúrò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, bóyá inú Gabriel yóò rọlẹ̀, bóyá kò sí ẹni tí yóò bèèrè ọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ ronú, bí ojú ti ń tì í láti ronú rẹ̀, pé òun lè fi ti òkè sílẹ̀, kí Mísì lè rí nǹkan wò lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń nù ún ni ó ń ṣàn. Omi aláwọ̀ aró ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri, ó ń ya sórí ilẹ̀, ó ń lọ sí abẹ́ ẹní tí Gabriel sùn lé. Abigail ń fi ọwọ́ dí i, omi náà ń gba àárín ìka rẹ̀ kọjá.

"Kí ni ò ń ṣe níbẹ̀?" Rachel ni ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ọmọ tuntun ní ẹ̀yìn rẹ̀. Hezekiah wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé igbá omi lọ́wọ́.

"Ògiri ni, Ìyá mi. Wọ́n ń lá ògiri. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn jáde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn."

Rachel wo ògiri, ó wo ọmọ rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, Abigail rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé.

"Nítorí aró?" ni Rachel wí. "Ta ni kò tíì lá aró rí? Àwọn aláró kì í fi ahọ́n tọ́ ọ wò ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti jí, tí ó tó láti fi rẹ aṣọ?"

"Ìyá Nimotalahi ń tọ́ ọ wò lójoojúmọ́," ni Hezekiah fi kún un, "ara rẹ̀ sì le koko. Aró kò pa ènìyàn. Gbé garawa yẹn jáde, Abigail, má ṣe da ọkàn ìyá rẹ rú. Alàgbà ti ń bọ̀."

Irọ́ tí ó ti pa ni ó yí padà tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí kò jẹ́ kí òtítọ́ kọjá. Bí kò bá wó o lulẹ̀ pátápátá, kò sí ẹni tí yóò wo ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sọ ọ́, wọn yóò ní ó fún àbúrò rẹ̀ ní májèlé jẹ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ nìyẹn. Àánú lọ kúrò lójú baba rẹ̀ nìyẹn, bóyá títí ayé. Bí kò bá sì sọ ọ́... Alàgbà wọlé, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ka Sáàmù. Gabriel kò kérora mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yìí ni ó bani lẹ́rù jù. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, funfun rẹ̀ ti pọ́n bí epo.

Nígbà náà ni Hannah dìde lórí ẹní, ó fi ọwọ́ di inú mú, ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bì. Àwọ̀ ewé.

"Kì í ṣe aró!"

Abigail kò mọ̀ pé òun ni ó kígbe. Sáàmù dá dúró ní àárín ẹsẹ̀.

"Kì í ṣe aró, Bàbá. Irọ́ ni mo pa. Ìyá Nimotalahi kò fún mi ní ohunkóhun. Oògùn kòkó ni. Abọ́ mẹ́ta ni mo bù. Òun ni mo fi kun gbogbo rẹ̀. Òun ni wọ́n ti ń lá láti ọjọ́ Ìsinmi!"

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Hezekiah. Ó jáde, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àkàsọ̀, wọ́n gbọ́ nígbà tí ó ṣí agolo. Nígbà tí ó padà, kò na Abigail, kò bú u. Ó kàn wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Abigail ìbá yan ẹgba ogún dípò ìwò yẹn.

Rachel fi ọwọ́ lé orí, ó ń yí po ní ojú kan. Alàgbà Adéníran ni ó kọ́kọ́ dìde. "Hezekiah, gbé Gabriel. Ìdáhùn àdúrà wa ni a gbọ́ yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kúnlẹ̀ lé e lórí. Abigail, gbé àbúrò rẹ obìnrin, kí o sì bu oògùn náà dání sínú ewé. Kẹ̀kẹ́ mi wà níta."

Ọ̀gbẹ́ni Bàdírù, apòògùn ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ní ìlú, wo ahọ́n àwọn ọmọ náà, ó wo ohun tí ó wà nínú ewé. Kò jókòó mọ́. Ó fọ́ ẹyin, ó yọ funfun rẹ̀, ó pò ó mọ́ wàrà alágolo, ó ń dà á sí wọn lẹ́nu ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan.

"Ta ni ó mọ̀ pé èyí ni wọ́n jẹ?" ni ó bèèrè láìgbé ojú sókè.

"Èmi ni, Sà," ni Abigail dáhùn.

"Ibà ni ǹ bá pè é. Oògùn ibà ni ǹ bá fún un, ilẹ̀ kì bá sì mọ́ bá èyí ọkùnrin." Ó nu ọwọ́. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi kò tó. Ẹ dá ọkọ̀ agégẹdú tí ń bọ̀ yẹn dúró. Kí wọ́n gbé yín dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde kí oòrùn tó wọ̀."

Hezekiah àti Rachel wọ ọkọ̀ náà, àwọn ọmọ mẹ́ta láyà wọn. Wọn kò pe Abigail. Ó dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà títí eruku ọkọ̀ fi rọlẹ̀, Alàgbà sì mú un lọ́wọ́ wá sí ilé.

Inú ìbẹ̀rù ni ó wà ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ kan bá dúró ní ìta, a sáré jáde lọ wò ó. Ní ọjọ́ Ẹtì, Mísì Ọláyínká bá Abigail nínú yàrá náà, níbi tí ó ti fi aṣọ di imú, tí ó ń fi ọkọ́ ha ògiri, tí ó ń kó erùpẹ̀ rẹ̀ sínú agbọ̀n tí Alàgbà yóò gbé lọ rì mọ́lẹ̀. Ìdajì ọ̀sà kan ni ó kù. Abigail gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Mísì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mísì gbọ́ ọ tán. Ó yọ ìwé rẹ̀, ó kọ nǹkan sí i.

"Òdo ni mo fún ọ," ni ó wí, "ó sì tọ́ sí ọ. Orúkọ Nimotalahi ni n óò fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, ìwọ ni yóò dúró níwájú kíláàsì, ìwọ ni yóò kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí. Má ṣe yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Níwájú gbogbo wọn ni ó ti bẹ Nimotalahi nítorí orúkọ ìyá rẹ̀ tí ó fi bo irọ́. Nimotalahi, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi orí lé tábìlì, ó ń sunkún. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìhìn dé láti Ìjẹ̀bú-Òde pé Gabriel ti bèèrè oúnjẹ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Hannah padà dé. Gabriel lo oṣù kan gbáko. Nígbà tí ó dé, ó rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ dàbí igi ìṣáná, kò sì sáré mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀ títí ọdún fi yí po. Hezekiah dárí ji ọmọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní ẹnu. Rachel náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, nígbàkígbà tí Abigail bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀, Rachel a kọ́kọ́ bù ú, a tọ́ ọ wò, a sì dúró díẹ̀ kí ó tó ní kí àwọn ọmọ jẹun. Kì í sọ ìdí rẹ̀. Abigail náà kì í bèèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ a máa dunni, ṣùgbọ́n kì í sábà pa ènìyàn. Ohun tí a fi ìbẹ̀rù ìyà bò mọ́lẹ̀ ni ó ń pani, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó sì sábà máa ń pa. Ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe, kí ó tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ ní odindi. Ìdajì òtítọ́ kò gba Gabriel là. Odindi rẹ̀ ni ó gbà á.